Bẹntonáìtì kì í ṣe èlùbọ́

Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ̀ ọ́n: bó bá rọ̀ jù, ẹ fi èlùbọ́ kún un, bó bá le jù, ẹ bu omi gbígbóná sí i. Òfin yìí náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbé lọ sídìí ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga dẹ̀rọ. Ẹrẹ̀ ò ki, kò gbé iyanrìn jáde, wọ́n á ní kí wọ́n tú àpò bẹntonáìtì kan sí i, ìyẹn amọ̀ lílọ̀ tí wọ́n fi ń po ẹrẹ̀ náà. Kò tíì ki? Àpò kejì.

Amọ̀ kì í gbọ́ òfin yẹn.

Bu gíráàmù 22.5 bẹntonáìtì gidi sínú mìlílítà 350 omi tó mọ́. Ìwọ̀n tí àwọn elépo rọ̀bì fi ń dán an wò nìyẹn. Á ki, bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, á dì bí ẹ̀kọ mímu tó ti tutù, bẹ́ ẹ bá sì rò ó, á tún ṣàn. Amọ̀ funfun, kaolin, ní ìwọ̀n kan náà kò ní ju omi ẹfun lọ. Bẹntonáìtì dà bí ìwé fẹlẹfẹlẹ tí a tò léra: sodium tó wà láàárín wọn ń fa omi wọlé, wọ́n á sì ya síra. Ti kaolin lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́, omi ò ráyè wọlé.

Omi gan-an ló ń jẹ owó yín. Nínú omi tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, calcium tó wà nínú omi náà á gba ipò sodium, á so àwọn ìwé náà pọ̀, wọn ò ní wú. Àpò mélòó lẹ fẹ́ tú sínú ìyẹn? Sódà áàṣì díẹ̀, pàúdà funfun kan tí wọ́n ń pò mọ́ ọṣẹ ìfọṣọ, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pò mọ́ omi, kí calcium lè rọ̀ sísàlẹ̀. Omi iyọ̀ etíkun ò gba oògùn yìí. Omi tútù tí kò níyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi po bẹntonáìtì.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bí bẹntonáìtì bá ti wú tán, tí sìmẹ́ńtì wá bọ́ sínú rẹ̀, calcium kan náà, èyí tó wà nínú sìmẹ́ńtì, á sọ ọ́ di ṣìkìṣìkì, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi pàúdà kún un. Wọ́n á ní amọ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n á máa bu omi sí i.

Ìwé kékeré tí wọ́n fi ń wo pH, ìyẹn bí omi ṣe kan tó, ò wọ́n tó àpò bẹntonáìtì kan. Kí sódà áàṣì gbé pH omi dé àárín 8.5 sí 9.5 kẹ́ ẹ tó tú àpò àkọ́kọ́.