Kì í ṣe ooru ló ń fa yírùnyírùn o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá tún ju fọ́ìsì nóòtì yẹn sí gúrúùpù àdúgbò wa, ẹ bá mi sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Èyí tí ọkùnrin kan ti ń pariwo pé ooru ti gbé yírùnyírùn dé, kí gbogbo wa máa sùn síta, ká máa da omi sílẹ̀ yàrá. Alhájà tó ni ilé tá à ń gbé l'Òkè-Baálẹ̀ gbà á gbọ́ pátápátá, alaalẹ́ ló ń da omi sí pálọ̀, ọmọ-ọmọ ẹ̀ ti yọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì.

Mo mọ ibi tọ́rọ̀ yẹn ti wá ṣá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àìsàn yìí, táwọn dókítà ń pè ní mẹ́nínjáítìsì, máa ń jà jù lókè Ọya, láti bíi Disẹ́ńbà títí wọ Júùnù, tójò bá ti rọ̀ dáadáa á rọlẹ̀. Lọ́dún 1996 ó mú èèyàn tó lé ní 100,000 ní Nàìjíríà, ó pa ju 11,000 lọ. Ta ló máa rí ìyẹn tí ò ní sọ pé ooru ni? Ṣùgbọ́n kòkòrò ni o. Èyí tó ń pa èèyàn jù nínú wọn, bakitéríà ni, ọ̀fun ẹlòmíì ló sì ń gbé láìṣe é ní nǹkan kan, ikọ́, sísín àti itọ́ ló fi ń dé ara ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti eruku ló máa ń ha imú àti ọ̀fun tí kòkòrò fi ń rọ́nà wọlé, tó bá wá dé awọ tó bo ọpọlọ, awọ yẹn á wú, wàhálà dé nìyẹn.

Tó bá sì jẹ́ ooru ni, kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà òtútù ló ń pọ̀ jù n'Ílùú Ọba, níbi táwọn èèyàn ti ń wọ súwẹ́tà sùn?

Ẹ ṣí fèrèsé o, mi ò bá yín jà lórí ìyẹn, kéèyàn má fún pọ̀ sójú kan náà dáa. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó ti sùn síta á rò pé òun ti bọ́, tọ́mọ bá wá gbóná á ní ibà ni, á lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísì. Nígbà tórí ń fọ́ ọmọ burúkú-burúkú, tó ń bì, tọ́rùn ẹ̀ le tí ò lè fi àgbọ̀n kan àyà, tí ò fẹ́ rí iná, tàbí tí giri mú un. Ti ìkókó tún yàtọ̀, ọrùn lè má le rárá, á kàn kọ ọmú, àwùjẹ̀ ẹ̀ á wú sókè. Ẹ má fún un l'ágbo giri o, ẹ gbé e lọ ọsibítù lóru yẹn náà, torí ó lè pa èèyàn kí wákàtí 24 tó pé. Nínú èèyàn 6 tí ti bakitéríà bá mú, bíi 1 ló ń kú, àwọn míì á yè ṣùgbọ́n etí wọn á di.

Tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù, àwọn dókítà á ní káwọn fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ lẹ́yìn ọmọ náà. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń sá, wọ́n ní ó ń rọni lápá rọni lẹ́sẹ̀. Irọ́. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń ki abẹ́rẹ́ bọ̀, níbi tí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ò dé mọ́. Omi yẹn ni wọ́n fi ń mọ irú kòkòrò tó jẹ́. Tó bá jẹ́ ti bakitéríà, ó gba abẹ́rẹ́ apakòkòrò bíi ceftriaxone kíákíá, ti fáírọ́ọ̀sì sábà máa ń rọjú díẹ̀.

Mo bi Alhájà pé tó bá jẹ́ ooru ni, kí ni wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́ fún kẹ́ ẹ tó lọ Mẹ́kà? Torí Saudi ò ní jẹ́ kéèyàn wọlé fún Háájì láìgba abẹ́rẹ́ mẹ́nínjáítìsì. Ó ní òun rò pé torí oòrùn Mẹ́kà ni. Mo rẹ́rìn-ín títí! Mo ní Alhájà, wọn kì í gún abẹ́rẹ́ fún ooru. Ìdí ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń gún àwọn ọmọ wa ní Pẹ́ńtà àti PCV, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àwọn bakitéríà míì tó lè fa yírùnyírùn, lọ́sẹ̀ 6, 10 àti 14, kí wọ́n tó gún ti mẹ́nínjáítìsì gan-an lóṣù 9.

Alhájà dákẹ́. Ó lọ wá káàdì ọmọ-ọmọ ẹ̀ tó kéré jù jáde, oṣù 11 lọmọ yẹn wà, ibi oṣù 9 ṣófo. Wọ́n gbé e lọ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ní Mọ́ńdè. Ilẹ̀ pálọ̀ ṣì ń tutù lálaalẹ́ o.