Dùùrù tó wúwo jù kọ́ ló dùn jù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ dùùrù, ẹ má bínú sí mi o, èrò ọkàn mi ni mo fẹ́ sọ. Láàárín oṣù kan péré, èèyàn mẹ́rin ló ti bi mí pé irú dùùrù wo ni káwọn gbé sórí láptọ́ọ̀pù àwọn, ìyẹn áàpù tó ń dún bíi dùùrù téèyàn bá so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti ní èyí tí wọ́n ń lé lọ́kàn: èyí tó tóbi jù ni. Ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn, àbúrò mi kan nínú kọ́yà wa ní Asẹ́rò, l'Abẹ́òkúta níbí, tiẹ̀ ti gbé háàdì dísíìkì wá sílé mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wá Keyscape sínú ẹ̀."

Ọ̀kan lára àwọn áàpù dùùrù ńláńlá ni Keyscape. Mo bi í pé ṣé ó mọ bó ṣe tóbi tó. GB 77 ni gbogbo rẹ̀. RAM GB 4 ló sì wà nínú láptọ́ọ̀pù tiẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo lèèyàn ní, ó wá lọ ra bẹ́ẹ̀dì síìsì-báì-síìsì, ibo ni yóò gbà wọlé?

N ò sọ pé Keyscape ò dáa o. Ó dáa gan-an ni. Kì í ṣe dùùrù nìkan ló wà níbẹ̀, Rhodes àtijọ́, ìyẹn dùùrù oníná, àti irú wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n owó gidi ni, ọ̀tọ̀ sì ni ohun téèyàn fi ń kọ́wọ́, ọ̀tọ̀ ni ohun tó fi ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù.

Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ọmọkùnrin kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ló bá mi kó dùùrù ńláńlá mẹ́ta sínú fláàṣì, kíráàkì ni gbogbo wọn, mo sanwó tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo délé, ọ̀kan kọ̀, kò ṣí rárá. Èkejì ṣí, ó ní kí n lọ wá nọ́ńbà kan wá. Ẹ̀kẹta ṣí, ó sì dùn, àfi pé fáírọ́ọ̀sì tó bá a wọlé jẹ gbogbo orin tí mo ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún méjì. Láti ọjọ́ náà, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tòótọ́ ni mò ń lò, tàbí kí n tọ́jú owó kí n rà á.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi kọ́wọ́ ni, kì í ṣe bó ṣe dùn ni mo máa kọ́kọ́ wò. Bó ṣe ń yára dáhùn ni. Ẹ tẹ kíì kan, kó dún lójú ẹsẹ̀, kó má jẹ́ pé ìka yín ti dé orí "mì" kí "dò" tó jáde. Ìdádúró yẹn ló ń ba ọwọ́ èèyàn jẹ́, torí ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ṣáájú orin láìmọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, sẹ́tìǹgì ló ń fà á, kì í ṣe dùùrù. Ibì kan wà tí wọ́n kọ buffer sí, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde. Tó bá wà lórí 512, tí sample rate (iye ìgbà tó ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) jẹ́ 44100, ohùn á ti pẹ́ tó nǹkan bí ìdá 12 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ká má tíì ka èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa fi kún un. Ẹ fà á wálẹ̀ sí 128, kò ní tó 3. Bí Windows lẹ̀ ń lò tẹ́ ò sì ní soundcard gidi, ẹ gba ASIO4ALL, dráífà kan tó ń jẹ́ kí ohùn tètè jáde, ọ̀fẹ́ ni. Oṣù méjì ni àbúrò mi yìí ti fi ń bú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. A fi ASIO4ALL sí i, a fa buffer wálẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wò mí, ó tún un tẹ̀.

"Ṣé dùùrù àná náà nìyí?"

Òun náà ni.

Ohun kan wà táwọn òyìnbó tó ń fi fídíò yẹ dùùrù wò kì í sọ, torí kò kàn wọ́n. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí láptọ́ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì, Windows á ní òun ń ṣọ́ iná lò, á dín iyára rẹ̀ kù, dùùrù á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà-pàrà bí àgbàdo tí wọ́n ń yan. Ó ṣe mí lọ́jọ́ Sátidé kan, mo rò pé spíkà ló bàjẹ́, mo ti ń tú wáyà kiri. Ẹ yí power sí High performance. Bátìrì á tètè kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ óò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ kó tó kú.

Èwo wá ni mo fún un? Salamander. Ohùn dùùrù gidi kan, Yamaha C5, ni Alexander Holm gbà sílẹ̀, tó sì fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ. Ẹ gbé e sínú sforzando, áàpù tó máa bá yín ṣí i, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ìpele agbára ìka 16 ló ní, láti orí kí wọ́n rọra tẹ kíì dórí kí wọ́n gbá a, ẹ má fojú kéré ìyẹn. Ẹ bi onígàngan: tó bá fi kọ̀ǹgọ́ kan ìlù jẹ́jẹ́, kì í ṣe pé ohùn kàn lọ sílẹ̀, ohùn ọ̀hún gan-an yí padà ni. Bẹ́ẹ̀ ni dùùrù. Àmọ́ tí kíbọ́ọ̀dù yín ò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín kí wọ́n rọra tẹ òun àti kí wọ́n gbá òun, ìpele 16 tàbí 100, ìkan náà ni. Lójú tèmi, kíbọ́ọ̀dù lẹ ó kọ́kọ́ náwó lé.

Tówó bá wà, Pianoteq ni tèmi. Modartt ní Toulouse, nílẹ̀ Faransé, ló ṣe é. Wọn ò gba ohùn dùùrù kankan sílẹ̀ sínú rẹ̀. Ìṣirò ló fi ń mọ bí òòlù ṣe ń lu okùn irin, nítorí ẹ̀ ni kò fi tó GB kan. Àwọn kan ní ó ń dún bí ike. Wọn ò parọ́ tán, àwọn ti tẹ́lẹ̀ ń dún bẹ́ẹ̀ létí mi. Èyí tí wọ́n fi ń dán an wò máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, àwọn kíì kan ò sì ní dún. Ìṣẹ́jú 20 tó kọ́ ìlà mẹ́rin nínú orin ìyìn dáadáa, ká sòótọ́.

Ti rẹ́kọ́ọ̀dù ńkọ́? MIDI ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà. Kì í gba ohùn sílẹ̀, ìṣe ìka yín ló ń gbà: kíì wo lẹ tẹ̀, ìgbà wo, báwo lẹ ṣe le mọ́ ọn tó. Dùùrù kékeré ni mo fi ń tẹ orin nílé, màá wá gbé fáìlì MIDI lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ní sítúdíò lọ́nà Ìdí-Àbà, a óò fi dùùrù ńlá tiẹ̀ kọ ọ́ jáde. Fáìlì ọ̀hún kì í tó fọ́tò kan lórí fóònù.

Ẹ tún ro orin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Tí gìtá bá ti wọlé, tí bass wọlé, tí gàngan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bọ́ sí i, ta ló tún ń gbọ́ GB 77? Ńṣe ni mo máa ń gé ìsàlẹ̀ ohùn dùùrù kúrò kó má baà bá bass jà. Soft Piano inú LABS, àkójọ ohùn orin kan, ọ̀fẹ́ ni, ó ń mú omi bọ́ lójú nínú orin ìjọsìn jẹ́jẹ́. Ẹ gbé e sínú orin ijó, á pòórá bí iyọ̀ nínú omi. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti tiwa níbí ti kọrin sínú àwo láwọn ọdún 1920, kò sẹ́ni tó bi í pé GB mélòó.

Pẹ́dà, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn má tètè kú, ni mo ṣì ń wá báyìí. Èyí tí mo ní ń yọ̀ lórí táìsì, bébà tí mo ká sábẹ́ rẹ̀ ò sì dúró. Bí ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta èyí tó dáa ní Abẹ́òkúta níbí, tí n ò ní torí ẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀.