Ìwúwo kọ́ ló ń gba pákó lọ́wọ́ òjò

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká tún èyí ṣe. Ẹ ní pákó igi ilẹ̀ olóoru tó bá ṣáà ti wúwo ló máa pẹ́ jù lórí pèpéle ìta. Rárá o. Tíìkì kì í sábà ju 700 kìlógíráàmù lọ ní kúbíìkì mítà kan, ipe, igi líle kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà, sì ń lọ sí bíi 1,000, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ń fara da òjò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Igi beech ilẹ̀ Yúróòpù wúwo tó tíìkì, àmọ́ kíá ló ń jẹrà níta.

Èròjà tó kó jọ sí àárín igi, èyí tí olú àti ikán ò lè fara dà, ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ funfun abẹ́ èèpo fi ń rà, ì báà jẹ́ ti ìrókò. Ẹ wo etí pákó dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí ìlà funfun bá wà níbẹ̀, ẹ má gbà á.

Ohun tí ìwúwo ń ṣe ni pé ẹsẹ̀ àga kì í tètè ha pákó náà lára. Ẹ ó sì kọ́kọ́ lu ihò kí ìṣó tó lè wọ ipe.