Àtúnṣe lórí yíyan kọ́ọ̀sì ìmòòkùn jíjìn

Ẹ ṣé o, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn jíjìn, pé kéèyàn sáà mú èyí tó yá jù, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ti gáàsì téèyàn ń mí lábẹ́ omi nìkan. TDI, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ yẹn, ní kọ́ọ̀sì kan, Extended Range, tí wọ́n ti ń mí afẹ́fẹ́ lásán dé mítà 55. GUE, ẹgbẹ́ mìíràn, ò ní gbà: tó bá ti kọjá mítà 30, gáàsì hẹ́líọ̀mù gbọ́dọ̀ wà nínú ohun téèyàn ń mí láti dín náítírójìn kù, torí náítírójìn inú afẹ́fẹ́ máa ń pani bí ọtí nísàlẹ̀, ẹni tó sì ń pa kì í tètè mọ̀. Ẹ lè yan èyí tó wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má pè wọ́n ní ọ̀kan náà.

Olùkọ́ gan-an lẹ ò tiẹ̀ mẹ́nu bà. Nínú ẹgbẹ́ kan náà, ẹ máa rí ẹni tó ń mòòkùn jíjìn déédéé, ẹ sì máa rí ẹni tó jẹ́ pé kíláàsì nìkan ló ń gbé e dé omi. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ wo òun bó ṣe ń ti fáfù ìgò gáàsì ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń ṣí i padà, láì gòkè, láì sọ̀kalẹ̀. Ẹ bi í bóyá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kankan ti féèlì rí. Bó bá ní kò sí, ẹ wá ẹlòmíì.

Ní ti kíákíá yẹn, ẹni tó ṣì ní ìdúró dẹkọmpréṣọ̀n níwájú (ìyẹn ibi tó gbọ́dọ̀ dúró sí bó ṣe ń gòkè, kí gáàsì tó ti wọ ara rẹ̀ lè jáde díẹ̀díẹ̀) kò lè sáré gòkè tí nǹkan bá bà jẹ́. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ló ti máa yanjú ẹ̀. Ta ló ń kọ́ ìyẹn lópin ọ̀sẹ̀ kan?