Koríko Ojú Irin Tíráàmù Kì Í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Lásán

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lónìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fi fọ́tò tíráàmù àdúgbò wa, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin oníná mànàmáná tó ń rìn láàárín ìlú, ránṣẹ́ sílé, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé wọ́n ti pa ojú irin yẹn tì ni, tí koríko fi bò ó báyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ ní ṣé kò sẹ́ni tó lè bá wọn ro ó ni. Wọ́n gbìn ín ni o! Owó gidi ni wọ́n fi gbìn ín, wọ́n ń gé e, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀.

Freiburg ni mò ń gbé, lápá gúúsù Jámánì, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Vauban. Bárékè àwọn sójà Faransé ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà tí wọ́n kó lọ ni wọ́n sọ ọ́ di ilé gbígbé, nígbà tó sì di 2006 tíráàmù dé ibẹ̀, koríko ni wọ́n sì gbìn sójú irin ẹ̀.

Kí n tó kó wá síbí, ilé tí mo gbé, ojú títì ọlọ́dà ni tíráàmù ń gbà kọjá níwájú ẹ̀, ó sì ní kọ́nà kan níbẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí báyìí, irin á máa ha irin kíí, gíláàsì wíńdò á máa gbọ̀n, ife tí mo gbé sórí tábìlì á máa dún wọnwọn, oorun ti lọ nìyẹn. N ò mọ̀ pé ó ti tán mi lókun tó bẹ́ẹ̀ àfìgbà tí mo dé Vauban tí mo sùn mọ́jú. Tíráàmù ìlú kan náà ni o. Ọ̀dà àti kọnkéré ló máa ń da ariwo padà sókè sí wa, àmọ́ koríko àti iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ máa ń gbé e mì, àti pé tí koríko bá ga dé orí irin, wọ́n máa ń fi rọ́bà di ẹ̀gbẹ́ irin kí ilẹ̀ tútù má baà kàn án, kí iná mànàmáná má baà máa sá wọlẹ̀, rọ́bà yẹn náà tún ń bá wọn pa ìgbọ̀nrìrì.

Ti òjò ńkọ́? Ilẹ̀ ń mu ún. Tó bá wá di ìgbà ooru, tẹ́ ẹ bá kúrò lórí títì ọlọ́dà tẹ́ ẹ rìn dé ẹ̀gbẹ́ koríko yẹn, ara yín á mọ̀ ọ́n.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti mọ́tò. Ibi tó bá jẹ́ ọ̀dà, ẹnì kan ṣáà máa fẹ́ páàkì síbẹ̀, á ní ìṣẹ́jú kan péré ni, gbogbo tíráàmù tó wà lẹ́yìn á sì tò kalẹ̀. Ta ló fẹ́ wa mọ́tò gorí koríko tí irin wà láàárín ẹ̀?

Àwọn tó ní ó ń náwó, wọn ò purọ́, ó ń fẹ́ omi, ó ń fẹ́ gígé, tí ọ̀dá bá sì dá á máa pọ́n rúsúrúsú. Ibi tí bọ́ọ̀sì àti áńbúláǹsì bá ti ní láti gba ojú irin kan náà, èmi gan-an ò ní ní kí wọ́n gbìn ín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe koríko nìkan ló wà. Àwọn ìlú kan ń gbin sedum, ewé ẹ̀ nípọn, ó ń tọ́jú omi pamọ́ sínú ara ẹ̀, mọ̀lẹ́bí ọ̀dúndún wa ni, ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí ọ̀dúndún ṣe máa ń tutù. Kò fẹ́ omi púpọ̀, kò sì ga débi tí wọ́n á máa gé e ní gbogbo ìgbà. Ní Kagoshima ní Japan, wọ́n ṣe tíráàmù kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa gé koríko ojú irin bó ṣe ń lọ.

Àwọn tó ń bi mí pé ṣé wọ́n lè gbin koríko sójú irin Blue Line Èkó náà, ìyẹn yàtọ̀ o, irin kẹta tó wà nísàlẹ̀ ni iná tiẹ̀ ń gbà, èèyàn ò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ rárá. Tiwa níbí, wáyà òkè ni iná ń gbà, ìyẹn ló jẹ́ kéèyàn lè rìn sọdá.

Ìlú tó bá fẹ́ ṣe tíráàmù tuntun, tówó ò bá tó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó jẹ́ koríko lẹ máa kọ́kọ́ yọ kúrò. Àwa tá à ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ la mọ ohun tó ń ṣe fún wa. Láàárọ̀ yìí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tiwa, òórùn ẹ̀ gba wíńdò wọlé, mo sì ṣí i sílẹ̀ gbayawu títí tíráàmù mẹ́ta fi kọjá.