Ẹ má fi ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ press-up

Mo ka ìròyìn kan tó ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá nílé máa ṣe press-up 50 lójoojúmọ́. Ìyẹn ti pọ̀ jù fún olùbẹ̀rẹ̀. Ara ògiri ni kí ẹ ti kọ́ ọ: ẹ dúró jìnnà sí ògiri díẹ̀, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i ní ọ̀gangan àyà, ẹ rọra fi àyà sún mọ́ ọn, kí ẹ tó ti ara yín padà. Tí ẹ bá ti lè ṣe 15 lẹ́ẹ̀mẹta láìgbọ̀n, ẹ bọ́ sórí tábìlì tó dúró gbọingbọin, lẹ́yìn náà ni kó wá kan ilẹ̀. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni ìbàdí tó rọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ló máa ń dùn nígbẹ̀yìn. Ẹ fún ikùn àti ìdí pọ̀. Ìgbọ̀nwọ́ kò sì gbọdọ̀ ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, torí èjìká ló máa jìyà rẹ̀.

Ní ti ẹsẹ̀, àga lásán ti tó. Ẹ jókòó, ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, nígbà 10. Kí gìgísẹ̀ má gbéra nílẹ̀, kí orúnkún má sì wọnú. Tó bá ti rọrùn, ẹ kó omi inú ọ̀rá 10 sí báàgì ẹ̀yìn. Bí kílò 5 nìyẹn.

Kò pọn dandan kó jẹ́ ojoojúmọ́. Ọjọ́ 2 ó kéré tán lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ fún eré tó ń mú iṣan lágbára, iṣan sì nílò ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru má ṣe sé èémí: kó máa mí síta nígbà tó bá ń ti ara rẹ̀ sókè.