Phil Collins Kọ́ Ló Ba Genesis Jẹ́

Ibi yòówù tí àwọn tó fẹ́ràn rọ́ọ̀kì bá ti pàdé ní Abẹ́òkúta, ìbáà ṣe lórí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ṣàpọ́n, ìbáà ṣe nídìí ìgò ọtí ní Kútọ̀ lálẹ́ Sátidé, ẹjọ́ kan wà tí wọ́n ti dá tán tipẹ́: Phil Collins ló ba Genesis, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ England, jẹ́. Bí wọ́n ṣe máa ń tò ó rèé. Peter Gabriel, akọrin wọn àkọ́kọ́, ló ni ẹgbẹ́. Collins, onílù rẹ̀, fi ọgbọ́n yọ ọ́ kúrò, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn ò tó o, ó lọ ń ṣe àwo tara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, owó wọlé, òkìkí kàn, ló bá sọ orin gígùn, orin oníṣẹ́, tí Genesis ń ṣe di orin ìfẹ́ oníṣẹ́jú mẹ́rin, títí ẹgbẹ́ náà fi tú. Ẹ̀gbọ́n tó bá ń rò ó á wá fi òwe tì í lẹ́yìn: àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan.

Òwe náà dáa. Ẹjọ́ tí wọ́n pa á sí ni kò dúró.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó ni ẹgbẹ́. Ọmọ ilé ìwé Charterhouse ni àwọn tó dá Genesis sílẹ̀ ní England ní 1967: Gabriel, Tony Banks tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, Mike Rutherford àti Anthony Phillips tó ń ta gìtá, àti Chris Stewart tó ń lùlù. Kò sí ọ̀gá níbẹ̀, kò sí ọmọ ẹ̀yìn. Collins dé ní 1970. Inú ìwé ìròyìn orin Melody Maker ló ti rí i pé wọ́n ń wá onílù, ìdánwò náà sì wáyé nílé àwọn òbí Gabriel. Ó tètè dé, wọ́n ní kó máa lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún omi tó wà nínú ọgbà títí yóò fi kàn án. Inú omi yẹn ló wà tó ń tẹ́tí sí àwọn onílù tó ṣáájú rẹ̀. Kí wọ́n tó pè é, ó ti mọ gbogbo orin náà sórí. Ẹni tó gbọ́n tó báyẹn, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe fẹ́ fi ojú ọmọọṣẹ́ wò ó.

Ọ̀rọ̀ ohùn ló kàn, torí ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń pọ̀ jù. Wọ́n á ní Collins ò kọrin rí kó tó gorí ipò Gabriel, pé ó kàn ń sín ohùn rẹ̀ jẹ ni. Ẹ lọ gbọ́ Nursery Cryme, àwo 1971, àkọ́kọ́ tí Collins bá wọn ṣe. Orin kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ “For Absent Friends”. Collins ló lé e. Ẹ gbọ́ “More Fool Me” lórí Selling England by the Pound ti 1973. Òun náà ni. Nínú àwọn orin yòókù, òun ló ń gbe Gabriel lẹ́yìn, ohùn méjèèjì á sì wọnú ara wọn débi pé ẹni tí etí rẹ̀ ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ á rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọrin. Ìyàtọ̀ sì wà o. Ohùn Gabriel ha díẹ̀, ó máa ń dún bí ẹni tó ń pa àlọ́ tó sì fẹ́ kí ẹ̀rù ba àwọn ọmọ. Ti Collins tínrín jù ú lọ, ó mọ́, ó sì tètè ń gun òkè. Ẹni tó bá ní ti Gabriel ló wu òun jù kò ṣẹ̀ mí. Ìfẹ́ etí nìyẹn. Ẹni tó bá ní Collins jí ohùn lò ló ń purọ́.

Gabriel fúnra rẹ̀ ló sì lọ. Àárín ìrìnàjò eré The Lamb Lies Down on Broadway ló ti sọ fún wọn, ní òpin 1974, wọ́n sì jọ ṣe eré náà parí ní 1975 kó tó kúrò. Ọmọ rẹ̀ àkọ́bí ti ṣàìsàn gan-an nígbà tí wọ́n bí i. Àwo náà sì ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn, torí Gabriel fẹ́ dá kọ ọ̀rọ̀ orin inú rẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ, wọ́n dán ọ̀pọ̀ akọrin wò, kò sí èyí tó bá a mu. Collins ló gbìyànjú “Squonk” fúnra rẹ̀, wíwá akọrin sì parí síbẹ̀. A Trick of the Tail jáde ní 1976, ó dé ipò kẹta ní Britain. Níbo ni ìdìtẹ̀ wà nínú ìyẹn?

Àmọ́ ẹ̀rí tó le jù, inú ìlù ló wà. Lórí àwo kẹta Gabriel, èyí tó jáde ní 1980, ta ló lùlù fún “Intruder”? Collins ni, ẹni tí wọ́n ní ó lé e kúrò. Sítúdíò Townhouse ní London ni wọ́n ti ṣe é. Gabriel ní òun ò fẹ́ gbọ́ dídún àwọn irin tí wọ́n máa ń gbá lókè ìlù, awọ nìkan ni kí Collins lù. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan wà nínú yàrá náà tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn olórin lásán, ẹ̀rọ náà a sì máa fún ohùn pọ̀ burúkú. Nígbà tí ohùn ìlù gba ibẹ̀ kọjá, ó wú, ó bú jáde, wọ́n sì fi ẹ̀rọ mìíràn gé e lójijì kó tó rọlẹ̀. Hugh Padgham ló wà nídìí ẹ̀rọ. Irú ohùn ìlù yẹn náà ni Collins àti Padgham gbé lọ sínú “In the Air Tonight” ní 1981. Ẹ tún un gbọ́ lórí sípíkà tó dáa. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ìlù ẹ̀rọ kékeré kan fi ń ta kọ́-kọ́-kọ́ lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, tí Collins ń kùn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́, kí ìlù gidi tó já lulẹ̀ gbì-gbì, gbì-gbì. Orin tó gbé Collins jókòó láàyè ara rẹ̀, ìdí iṣẹ́ Gabriel ni ohùn ìlù rẹ̀ ti wá.

(Ti ìtàn pé Collins rí ẹnì kan tó dúró wo èèyàn tó ń rì sómi láìràn án lọ́wọ́, tó sì fi orin yẹn tú u fó: kò sóhun tó jọ ọ́. Collins ti sọ ọ́ títí ó fi sú u pé ìbínú ìgbéyàwó òun tó tú ká ló wà níbẹ̀.)

Ẹ tún wo 1982. Gabriel àti àwọn kan dá àjọ̀dún orin WOMAD sílẹ̀, wọ́n kó àwọn onílù Burundi àti àwọn olórin ilẹ̀ mìíràn wá sí Shepton Mallet. Owó tó wọlé ò tó nǹkan, gbèsè sì gorí Gabriel. Àwọn wo ló gbà á sílẹ̀? Genesis ni. Ọjọ́ kejì oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, wọ́n jọ ṣeré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Milton Keynes, nínú òjò. Inú pósí ni Gabriel ti jáde sórí ìtàgé, Steve Hackett, tó ti ta gìtá fún wọn tẹ́lẹ̀, sì wá dara pọ̀ mọ́ wọn nígbà tí eré ń parí lọ. Wọ́n fi owó rẹ̀ bá a san gbèsè. Ọ̀tá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Wàyí o, àwo àdáṣe tí wọ́n ń pè ní májèlé. Ta ló kọ́kọ́ ṣe é nínú àwọn mẹ́ta tó kù, Collins, Banks àti Rutherford? Kì í ṣe Collins. Ní 1979 Collins wà ní Kánádà, ó ń wá bí ìgbéyàwó rẹ̀ kò ṣe ní tú. Àwọn méjì yòókù ò káwọ́ gbera. Banks gbé A Curious Feeling jáde ní 1979, Rutherford gbé Smallcreep's Day jáde ní 1980. Face Value ti Collins, 1981 ni. Nígbà tí Collins sì padà dé pẹ̀lú orin tó ti ń kọ nílé, méjì nínú wọn, “Misunderstanding” àti “Please Don't Ask”, ló fún ẹgbẹ́ fún àwo Duke ti 1980. Ẹni tó fẹ́ sá kúrò nílé kì í kó oúnjẹ wálé.

Ohun tí àwọn àwo àdáṣe wọ̀nyí ṣe ni pé wọ́n pa ìjà “orin tèmi ni ká kọ́kọ́ lò”. Olúkúlùkù ti ní ibi tó ń da orin tó bá dá kọ sí. Tí wọ́n bá wá pàdé ní sítúdíò wọn ní Surrey, ọwọ́ òfo ni wọ́n á wọlé, wọ́n á jọ máa lù ú títí orin á fi jáde. Ẹ yẹ ẹ̀yìn páálí àwo Genesis ti 1983 àti Invisible Touch ti 1986 wò: orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lórí gbogbo orin. Ọdún tó ṣáájú Invisible Touch ni Collins gbé No Jacket Required jáde, tí kò sí rédíò tí kò lò ó. Rutherford náà ti dá Mike + The Mechanics sílẹ̀ ní 1985. (“The Living Years” tí wọ́n máa ń lò níbi ìrántí bàbá, àwọn yẹn ló ni í, ohùn Paul Carrack ló sì wà níbẹ̀, kì í ṣe ti Collins.) Bí ẹsẹ̀ gbogbo wọn ṣe wà níta tó yẹn, Invisible Touch ṣì ni àwo Genesis tó tà jù ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Agẹmọ 1986, orin tó jẹ́ orúkọ àwo náà gun ipò kìíní níbẹ̀. Orin wo ló wá gbapò lọ́wọ́ rẹ̀? “Sledgehammer”, ti Peter Gabriel.

Wọ́n á ní, ó dáa, ṣùgbọ́n òun ló sọ orin wọn di rírọ̀. “Your Own Special Way”, orin ìfẹ́ tó rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ́ lórí Wind & Wuthering ti 1976, Rutherford ló kọ ọ́. “Follow You Follow Me” jáde ní 1978, Rutherford ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó sì ku ọdún mẹ́ta kí Collins tó ṣe àwo tirẹ̀. Lórí Invisible Touch tí wọ́n ń bú yẹn, “Domino” lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. N ò ní kí gbogbo ẹ̀ dára o. “Illegal Alien” ti 1983, tí Collins ń fi ohùn yẹ̀yẹ́ sín àwọn ará Mẹ́síkò jẹ, ìtìjú ni. Àmọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fọwọ́ sí i.

Kí ló dé tí ẹjọ́ yìí fi rọrùn fún wa láti gbà? Lójú tèmi, ojú báǹdì jùjú la fi ń wo wọn. Nílé wa, ọ̀gá ló ni irinṣẹ́, orúkọ ọ̀gá ló wà lára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù, òun ló ń gba owó tó sì ń pín in. Ọmọ báǹdì tó bá ti gbé àwo tirẹ̀ jáde ti lọ nìyẹn. Ẹ wo Prince Adekunle, ọmọ Ẹ̀gbá wa níbí. Abẹ́ rẹ̀ ni Shina Peters àti Segun Adewale ti jáde, wọ́n sì kúrò lọ dá ẹgbẹ́ ara wọn sílẹ̀. Ebenezer Obey náà ti bá Fatai Rolling Dollar ṣiṣẹ́ kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. A ti rí i títí a fi rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Kódà nílé wa, kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Fela tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta níbí ní 1938, onílù rẹ̀ Tony Allen ṣe àwo tirẹ̀ tó ń jẹ́ Jealousy ní 1975. Àwọn ọmọ Africa 70 náà ló bá a lù ú, Fela fúnra rẹ̀ ló sì darí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọdún mélòó kan sí i ni Tony Allen fi lùlù fún Fela lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó wá lọ, ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ló ń sọ.

Wọ́n máa ń fi Hackett gbá mi mú níbí, pé òun náà ṣe àwo àdáṣe, ó sì lọ. Òótọ́ ni, ó lọ ní 1977. Ṣùgbọ́n Collins àti Rutherford ló bá a ṣe Voyage of the Acolyte ní 1975, ohun tó sì lé e lọ ni pé orin tó ń kọ kò rí àyè tó nínú àwo ẹgbẹ́. Àyè tó há ló lé e, kì í ṣe àwo tó ṣe níta.

Ní 1996 Collins kúrò. Tó bá jẹ́ òun ni àrùn, ó yẹ kí ara aláìsàn yá. Banks àti Rutherford mú Ray Wilson, ọmọ Scotland tí ohùn rẹ̀ nípọn, wọ́n gbé Calling All Stations jáde ní 1997. Ó ṣe dáadáa ní Britain, Amẹ́ríkà ò kà á sí, wọ́n fagi lé eré tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, kò sì sí àwo tuntun kankan látìgbà náà. Ohùn Wilson ò burú, mo fẹ́ràn rẹ̀ nínú orin tó ṣókùnkùn. Ẹni tó ń jọ lù ú pẹ̀lú wọn títí orin á fi jáde ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àwo tó dáa jù la ṣì lè jiyàn lé lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Duke lèmi mú. Ẹni tó bá ní Selling England by the Pound, kó gbé àga wá.